Kí Ọmọ Má Kú Sọ́nà

Oṣù kẹta ń parí lọ, àwọn ará Nebraska ní Amẹ́ríkà ti kó ṣọ́bìrì yìnyín pamọ́, wọ́n ní òtútù ti lọ. Òtútù gbọ́, ó padà wá. Ó tún kó ẹbí ẹ̀ dání: yìnyín lápá òkè, ìjì tó ń ká òrùlé ní Arkansas, eruku àti iná ìgbẹ́ ní Texas. Orílẹ̀-èdè tó tóbi tó yẹn, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Sátidé tí òtútù padà dé yẹn gan-an làwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Verna, opó kan ní Nebraska, bí fẹ́ wá kó ìyá wọn lọ sílé àwọn arúgbó. Wọ́n ti bá a gba yàrá. Wọ́n ní yàrá náà ní fèrèsé. Ọmọ dáa! Verna ò bá wọn jiyàn.

Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó ti fóònù. Orrin aládùúgbò ẹ̀, tó fi katakata kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún un, ń mu kọfí. Pásítọ̀ Hruska náà wà níbẹ̀, katakata Orrin ló gbé e wá. Bàtà ẹ̀ ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

Gordy, àkọ́bí, ló kọ́kọ́ pè láti Minnesota.

"Màmá, yìnyín ò pọ̀ níbí. Mo ti ń gbéra."

"Gbéra lọ síbo? Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Wọ́n ní afẹ́fẹ́ kan ń bọ̀ téèyàn ò ní rí ọwọ́ ara ẹ̀!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rédíò."

Rédíò wà lórí fìríìjì, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Màmá, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí."

"Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta náà máa ń kú sọ́nà. Bọ́ bàtà ẹ!"

Gordy bọ́ bàtà.

Marlys pè láti Arkansas. "Màmá, oòrùn ń ràn níbí o."

"Ẹ̀tàn ni! Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn kí ìjì tó ká òrùlé. Wọnú ibi ìwẹ̀, fa fóòmù borí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín."

"Kóun náà wọlé tọ̀ ẹ́ níbẹ̀."

Àwọn méjèèjì wọ abẹ́ fóòmù.

"Ó ku ẹnì kan?" Pásítọ̀ béèrè.

"Èyí tó lágídí," Verna dáhùn.

Rollin ti wà lójú ọ̀nà ní Texas. "Eruku ò lè dá mi dúró, màmá. Bá ò bá kó yín wọ yàrá yẹn lónìí, wọ́n á fún ẹlòmíì."

Verna bú sẹ́kún. Omijé gidi ni. "Rollin, bí mo bá sin ọmọ, ta ló máa wá sin mí? Iná ń jó ìgbẹ́ bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ẹ!"

Rollin wo iwájú. "Lóòótọ́, mo ń rí èéfín."

"Ṣé o rí i!"

"Ó jọ pé ẹnì kan ń yan ẹran ni o."

"Rollin! Yí mọ́tò padà!"

Ó yí i padà.

"Abiyamọ!" ni Orrin wí, ó mi orí, ó gbé ago kọfí sílẹ̀.

Verna nu ojú, ó pa fóònù pátápátá, ó di ọwọ́ Orrin mú, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ so wá pọ̀ lọ́kọ láya kíá, kójú ọjọ́ tó dáa."