Ẹnu Ọ̀nà Ilé Màlúù

Bíríkìlà ń fi òkúta àti sìmẹ́ǹtì dí ẹnu ọ̀nà tó ti ilé ìdáná já sí ilé màlúù. Abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn baba ńlá Wilfred, àgbẹ̀ tó ni ilé náà, kọ́ méjèèjì sí, lórí òkè ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ooru màlúù lè máa mú ilé gbóná.

“Ẹ dí i pa,” ni Hester, ìyàwó Wilfred, wí. “Ọ̀dọ̀ màlúù ni ọkọ mi ń gbé tọ̀sán-tòru. Tébi bá ń pa á, kó gba inú òjò yípo wá.”

Bíríkìlà ti òkúta tó kẹ́yìn bọ ibẹ̀. Ni ohùn Wilfred bá dún láti ẹ̀yìn ògiri.

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ariwo tó ń gba ibẹ̀ wọlé kì í jẹ́ kí àwọn màlúù mi sinmi.”

Hester wo ògiri náà títí.

“Ẹ bá mi wó o.”

“Nísinsìnyí, ìyá?”

“Kó tó gbẹ.”