Mọ́nítọ̀ Tí Wọ́n Fi Léèsì Bò

Àgùnbánirọ̀ náà tún ti káàdì kẹta tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀ bọ inú kọ̀ǹpútà. Mọ́nítọ̀ méjì ń tàn yanran, ìkẹta dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Kọ́pà, alága ilé iṣẹ́ wa ti dé o!" Ọ̀gá Akínbíyìí ń làágùn. "Mọ́nítọ̀ mẹ́ta ni mo ṣèlérí fún un. Bí ọ̀kan bá kù, o ò níṣẹ́ ní Port Harcourt mọ́ tó o bá sìnlú tán."

"Káàdì méjì gbọ́ra wọn yé, sà. Ìkẹta ló ń jowú bí orogún."

Àgùnbánirọ̀ sáré ṣí aṣọ léèsì kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n yàrá àlejò, ó fi bo mọ́nítọ̀ olóríkunkun náà, bí wọ́n ti ń bo tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ nílé olówó.

Alága wọlé, ó wo méjì tó ń tàn, kò rẹ́rìn-ín.

"Which one be that one wey una cover?"

"Na for you only, sà," ni àgùnbánirọ̀ dáhùn. Ọ̀gá dijú.

Alága ká léèsì sókè. Ó tẹjú mọ́ ojú ara rẹ̀ nínú gíláàsì dúdú náà títí, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Chei! This one clear pass all! Akínbíyìí, no let this pikin go o."

Ó sì rọra da léèsì padà bò ó.