Apẹja Tamil Nadu Tí Kúbúrá Ń Pè

Láti ìgbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti Íńdíà dé ní ọdún 2006, Jẹ̀lílì kò jẹun alẹ́ rí nílé rẹ̀ ní Lasunwon kí orúkọ Tamil Nadu, ìpínlẹ̀ tí wọ́n lọ níbẹ̀, má bá a dé ìdí abọ́.

Àìsàn ló gbé e lọ síbẹ̀. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àwọn dókítà ilé sì ní ọwọ́ àwọn kò ká a mọ́. Kúbúrá, ìyàwó rẹ̀, ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ẹ̀pẹ́, ó tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Chennai, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, ara rẹ̀ yá. Àjà yàrá ilé ìwòsàn nìkan ni Jẹ̀lílì rí ní Íńdíà. Kúbúrá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, ló rí ìyókù.

"Àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya ọnà sí ẹnu ọ̀nà láràárọ̀," ó wí, "kí èèrà lè rí nǹkan jẹ. Tẹ́ḿpìlì olókùúta kan wà níbẹ̀ tó ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọba tó kọ́ ọ, ọkọ̀ ogun àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń dé òkè òkun."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Selvam ni."

Apẹja ni Selvam, ará Nagapattinam, níbi tí odò Kaveri ti ń wọ inú òkun. Kúbúrá sọ pé ilé ìwòsàn ni àwọn ti pàdé. Òkun tó ru ní ọdún 2004 ti gbé ilé ọkùnrin náà àti ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi Jẹ̀lílì ń kó èrò ní etí ọ̀sà Ipakodo, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò yìn ín rí. Ọkọ̀ bàbá Selvam ló ń yìn: igi gbọọrọ tí wọ́n fi okùn dì pọ̀, láìsí ìṣó kankan.

"Igi ìdáná lọkùnrin yẹn ń wà," ni Jẹ̀lílì wí.

Kúbúrá kò rẹ́rìn-ín.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Kúbúrá máa ń mú fóònù lọ sí ẹ̀yìn ilé. Jẹ̀lílì á dúró lẹ́yìn fèrèsé, owú á máa jẹ ẹ́ bí ìgbà tí ikán ń jẹ igi.

"Ṣé ò ń mu omi dáadáa?" ló máa ń gbọ́. "Má fa àwọ̀n o. Má gbé ohun tó wúwo."

"Kí ló kàn ọ́ nínú omi tí ọkùnrin kan ń mu ní Íńdíà?" ó bi í níjọ́ kan.

"Bàbá Rùkáyàt, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Kúbúrá wà nílé ìdáná. Jẹ̀lílì mú fóònù ìyàwó rẹ̀, ó gba Ipakodo lọ, ó dúró sí etí omi, ó sì tẹ orúkọ Selvam. Ohùn tó dáhùn kò lágbára.

"Kúbúrá?"

"Ọkọ rẹ̀ ni. Jẹ̀lílì," ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn.

Ọkùnrin náà hó fún ayọ̀. "Jẹ̀lílì! Jẹ̀lílì! Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

Ojú Jẹ̀lílì ṣú. Ẹni tó ń yan ìyàwó ẹni lálè tún ń bèèrè bóyá nǹkan ẹni ṣì ń ṣiṣẹ́! Ó bú u tìran-tìran. Ó ní Kúbúrá kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láé.

"Jọ̀ọ́," ni Selvam wí, "sọ fún un pé wọ́n tún dá mi padà sí ilé ìwòsàn—"

Jẹ̀lílì ju fóònù náà sínú ọ̀sà.

Nígbà tó délé, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó rò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kúbúrá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Inú fóònù yẹn nìkan ni nọ́ńbà rẹ̀ wà," ó wí.

"Ó ti di ti ẹja. Kí ló dé tí ò ń sunkún nítorí apẹja? Kí ló fún ọ rí?"

"Kì í ṣe ara òkú, bí mo ṣe purọ́ fún yín, ni wọ́n ti yọ kíndìnrín tó wà nínú yín," Kúbúrá wí, "ara Selvam ni."