Píkọ́ọ̀pù Tí Kò Pààrọ̀ Gíà

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Dickson rí i pé gíà píkọ́ọ̀pù náà kò pààrọ̀ mọ́. Ó ti lọ gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Lazarus, mẹkáníìkì gíà ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ náà máa ń sùn, nítorí òpópónà tí Dickson ń gbé ní Amukoko kò gba ọkọ̀. Gíà ọtomátíìkì ni ọkọ̀ náà ní. Ó fẹsẹ̀ tẹ epo, ọkọ̀ náà kàn ń bú ramúramù, ó ń wọ́ra nílẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Dickson kò tíì dé ìkóríta tó fi yí i padà sọ́dọ̀ Lazarus.

Lazarus rẹ́rìn-ín. "Dickson, ta ló ń rọbí, ọkọ̀ ni àbí ìyàwó rẹ?"

"Ọ̀gá Lazarus, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Perpetual ti wọ oṣù rẹ̀. Bí ọkọ̀ yìí bá dúró, Màdáámù á ní èmi ni."

Bernice ló ni ọkọ̀ náà. Ẹja inú yìnyín ló ń kó láti Apápá fún àwọn tó ń tà á ní Ajégúnlẹ̀. Awakọ̀ tó ní ṣáájú Dickson máa ń fi gíà sí fírì kí ọkọ̀ lè máa yí fúnra rẹ̀ bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, kó má baà mu epo. Bí gíà àkọ́kọ́ ṣe jóná nìyẹn. Láti ìgbà náà ni Bernice ti búra pé ẹni tó bá tún fi ọkọ̀ òun sí fírì yóò lọ sílé. Ó ti pẹ́ tí Dickson ti ń ru ẹrù ní wáàfù kó tó rí iṣẹ́ yìí.

Lazarus wa ọkọ̀ náà lọ, ó wà á bọ̀. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì gíà yọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi àkísà nù ún kí Dickson tó sún mọ́ ọn.

Dickson ní, "Ṣé ká pe Onyeka tó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò wá?"

"Kọ̀ǹpútà ò lè bi ọ́ ní ìbéèrè. Èmi ni màá bi ọ́. Ṣé o máa ń fi í sí fírì?"

Dickson wolẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, Ọ̀gá. Lórí afárá Ìjọra. Epo ti fẹ́ tán, ẹja sì ti ń yọ́."

"O ò rí i? Ọ́ìlì yìí ti jóná."

"Ẹ bá mi sọ pé ó ti gbó ni. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò ní purọ́. Ìwọ náà, má purọ́. Fẹnu ara rẹ sọ fún wọn. Màdáámù kì í lé ẹni tó bá jẹ́wọ́. Irọ́ ni wọn ò fẹ́."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo ti mọ̀ wọ́n kí ìwọ tó débí."

Nígbà tí Bernice tí wọ́n pè sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, Dickson kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Bernice gbọ́ ọ tán.

"Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi—"

"Mo ní kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

Dickson wo Lazarus. Lazarus ń wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ó gbìyànjú tó jẹ́wọ́, Màdáámù," ni Lazarus wí.

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ lè gba gíà yẹn là?"

"Bí mo bá fọ̀ ọ́, á lọ. Ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀sán."

"Ẹ bá mi wá awakọ̀ mìíràn. Ẹni tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún."

"Màá wá a, Màdáámù."

Bernice gbé kọ́kọ́rọ́ lé Lazarus lọ́wọ́, ó sì padà wọ kẹ̀kẹ́. Dickson dúró díẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ṣé," ló sọ. "Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n ọkàn mi fúyẹ́."

"Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà mìíràn."

Nígbà tí Dickson ti rìn jìnnà, Lazarus wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ki wáyà gíà tó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ lọ́jọ́ Àìkú bọ ihò rẹ̀ padà, ó sì pe Ambrose, àkọ́bí rẹ̀, pé kó wá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí yóò máa wà.