Ọ̀bẹ Inú Àpò Alága

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Màmá Àdúrà ti ń rìn káàkiri ilé. Ó dé yàrá, ó dé kíṣìnnì, ó padà sí pálọ̀, ó jókòó, ó tún dìde. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo tó kù nínú ilé wà nínú àpò ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ò sì mọ ohun tó ń ṣe mọ́.

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ náà. Kì í ṣe pé ó ṣe alága ẹgbẹ́ kankan rí. Àga ló ń tún ṣe. Awọ tó bá ti gbó ni yóò bọ́ kúrò lára àga oníbàárà, yóò fi tuntun bò ó, ọ̀bẹ àpò rẹ̀ ni yóò sì fi gé gbogbo rẹ̀. Ọ̀bẹ náà ò jọni lójú. Èèkù igi ló ní, ó ní ẹnu kan, ó ń ká sínú èèkù bí ìgbín tó wọ ìkarahun. Èékánná àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń ṣí i. Ọkọ ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ti fún un ní òmíràn rí, èyí tó ní àlùmọ́gàjí, ayùn àti ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò nínú. Alága dúpẹ́, ó sì tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní ẹni tó bá gbé odidi ṣọ́ọ̀bù sápò, kó tó wá èyí tó fẹ́ lò rí, iṣẹ́ á ti bàjẹ́. Ọ̀bẹ ẹlẹ́nu kan kì í bá èèyàn ṣàròyé: o ṣí i, ó gé e, o pa á dé.

Ọmọbìnrin ọ̀hún ò wálé láti ìgbà tó ti lọ́kọ. Ìyá rẹ̀ ti fi ìyẹn lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ìyá náà fẹ́ràn ọ̀bẹ yẹn nígbà kan. Ó máa ń wù ú bó ṣe ń dún kẹ́ tí wọ́n bá pa á dé. Àmọ́ nǹkan ti yí padà. Àwọn ọ̀bẹ kíṣìnnì àti ti inú dúrọ́ọ̀ ti pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá sì bi Alága, á ní òun ò rí wọn. Ó ti gbàgbé ibi tó kó wọn sí ni. Kọ́kọ́rọ́ géètì, ó ti so ó mọ́ bẹ́líìtì bíi wọ́dà. Búrẹ́dì tí wọ́n fẹ́ gé, òun ni. Ọsàn tí wọ́n fẹ́ bó, òun náà ni. Lánàá ni ìyá náà ní kó wá jẹun, Alága ní àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, àwo rẹ̀ lòun ń fọ̀ yìí. Ebi sì ń pa Màmá Àdúrà. Àánú ọkùnrin náà ṣe é.

Ní àràárọ̀, á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á bẹ Ọlọ́run kó dá iyè ọkọ òun padà. Alága á kúnlẹ̀ tì í, á máa ṣe àmín tó rinlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú Alága dé lẹ́yìn àdúrà. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó wọ kíṣìnnì láìbéèrè, ó gbé omi kaná. Màmá Àdúrà ò bínú sí i. Ẹni tó bá ń bá ni gbọ́ ti aláìsàn ti di ará ilé.

Oògùn ló kàn. Alága kì í fẹ́ lo oògùn, àwọn obìnrin méjèèjì sì ti dọ́gbọ́n sí i: Màmá Àdúrà ló ń kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ mì, kí ọkọ rẹ̀ lè rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ lanu, Màmá, kí Bàbá rí i pé ó ti wọlé."

Ó lanu. Alága ní bí ìyàwó òun bá lè gbé e mì, òun tí òun jẹ́ ọkùnrin ò ní sá. Ó ju tirẹ̀ sẹ́nu, ó ń rún un bí ẹni ń rún súìtì.

Màmá Àdúrà tẹ̀lé nọ́ọ̀sì dé kíṣìnnì.

"Ọmọ mi, bá mi gba ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ó máa fi ṣe ara ẹ̀ léṣe."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Bàbá mọ ọ̀bẹ wọn lò."

"Tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Ẹni tí irú àìsàn yìí bá ń ṣe kì í mọ̀ pé ó ń ṣe òun."

Nọ́ọ̀sì kọjú sí fèrèsé. Ife kan ṣoṣo ló ń fọ̀, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ló wí.

Ó lọ sá aṣọ lẹ́yìn ilé. Alága ti sùn sórí àga ẹnu ọ̀nà tó gbé ara lé mọ́jú, orí rẹ̀ já sí àyà. Màmá Àdúrà dúró lé e lórí. Ó lọ, ó bọ̀. Ó dárúkọ Jésù lábẹ́nu, ó ki ìka méjì bọ àpò, ó sì fà á yọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣí i fúnra rẹ̀. Ẹnu ọ̀bẹ náà ń kọ mọ̀nà. Ó gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì nídìí okùn aṣọ.

"Gbà, tètè gbé e pamọ́. Má jẹ́ kó mọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Láti òwúrọ̀, ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì rọra gba ọ̀bẹ náà, ó pa á dé, ó di Màmá Àdúrà lọ́wọ́ mú wọlé, ó sì fọwọ́ tọ́ Alága jí: "Bàbá mi, ẹ dìde, Màmá tún ti yọ ọ́ lápò yín, ọjọ́ tí wọ́n bá fi ṣe ara wọn léṣe, èmi ọmọ tí wọ́n bí, tí wọ́n ń pè ní nọ́ọ̀sì yìí, kí ni mo fẹ́ wí?"