Ẹni Tó Mọ Oríkì Mi

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Tẹjú gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìlúpéjú, níbi tí wọn kò kọ orúkọ iṣẹ́ kankan sí lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá Wahab ti ń dúró dè é. Ó fún un ní fóònù kan àti ìwé tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Oregun kún inú rẹ̀. Ẹnìkan nínú ilé iṣẹ́ náà ló fi í ránṣẹ́ sí wọn.

"Èèyàn márùn-ún," Wahab wí. "A máa fi nọ́mbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, kí wọ́n kà á fún ẹ kó tó di aago mẹ́rin. Tí márùn-ún ò bá pé, má wulẹ̀ padà wá lọ́la. Orúkọ wọn nìkan ni kó o kọ o, má kọ nọ́mbà náà síbì kankan. Má sì sọ fún ará ilé."

"Mo ti gbọ́, sà."

Oṣù méje ni Tẹjú ti ń wáṣẹ́ kiri Ọgbà àti Ìkẹjà. Inú rẹ̀ dùn débi pé díẹ̀ ló kù kó máa jó lórí àga.

Ọgbọ́n tó máa dá ti wà nílẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ ọ pé bí o bá fẹ́ kí inú èèyàn yọ́, oríkì rẹ̀ ni kó o pè. Oríkì kò sì ṣòro wá mọ́. Ó kún orí Fesibúùkù, níbi tí ẹbí ti ń kí ara wọn kú ọjọ́ ìbí.

Ọládiméjì, awakọ̀ ilé iṣẹ́ náà, ni Tẹjú kọ́kọ́ pè.

"Àkànní o! Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Ta nìyẹn?" Ohùn ọkùnrin náà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ará ilé ni, sà. Mò ń tún orúkọ yín kọ ní ọ́fíìsì. Nọ́mbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á."

Ó kà á, ó sì fi àdúrà tì í. Tẹjú fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa tú u láṣìírí.

Gbogbo wọn kọ́ ló rọrùn. Ọ̀kan pariwo pé, "Olè! Ẹ̀wọ̀n ń dúró dè ẹ́!" Tẹjú dáhùn tọkàntọkàn pé, "Ẹ ṣeun gan-an, sà," Wahab sì mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, èèyàn mẹ́rin ló ti kà á. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù. Tẹjú wò ó, ó sì yíjú sí Wahab.

"Ẹ̀gbọ́n màmá mi rèé, sà. Màmá Hameedah. Ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí, ilé wọn ní Agége ni mò ń gbé."

"Aago ò dúró," ni Wahab wí.

Ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín pa á. Ó di imú mú, ó sì fi ohùn bí ará Ìjẹ̀bú.

"Àṣàkẹ́ o! Àṣàkẹ́ ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́!"

"Háà! Ta ló ń kì mí lẹ́nu iṣẹ́?" Màmá Hameedah bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó mọ oríkì mi, ẹbí mi ni. Sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

Tẹjú sọ ohun tó fẹ́. Ìyá náà ní kó dúró kí òun wá awò ojú òun. Ó ka nọ́mbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tún un kà kó lè dá a lójú.

"Ọlọ́run á jẹ́ kó o ṣoríire. Ọmọ mi kan ń wáṣẹ́ o. Bí àyè bá ṣí lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí rẹ̀. Tẹjú lorúkọ rẹ̀."

Tẹjú dorí kodò sórí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ ju ìtìjú lọ.

"Márùn-ún ti pé," Wahab wí. "Iṣẹ́ ti di tìẹ."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, ẹni tó fi ìwé orúkọ náà ránṣẹ́, pa gbogbo ẹ̀rọ, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó sì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún olùkọ́ tí òun gbà láti ọ́fíìsì Wahab pé kó dán wọn wò, kó sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa pa àṣírí fóònù wọn mọ́. Tẹjú bá jáde síwájú tẹ̀ríntẹ̀rín, Màmá Hameedah náà bá bọ́ bàtà láti fi lé e.