Ohun Tí Ìyá Túbọ̀sún Fẹ́ Mọ̀ Kó Tó Wọ Ọkọ̀ Òkun

Ìlá Ọ̀ràngún, ọdún 1954.

Ìyá Túbọ̀sún fẹ́ wọ ọkọ̀ òkun lọ bá ọmọ rẹ̀.

Ó wá béèrè lọ́wọ́ Tíṣà Hezekiah, tó ti dé Ìlú Ọba rí.

"Ẹ mú aṣọ òtútù dání, Màmá. Èébì á gbé yín."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ń sè é nínú ọkọ̀." Tíṣà ò wojú rẹ̀.

Erùpẹ̀ ìdí igi obì tí wọ́n ri ìwọ́ Túbọ̀sún mọ́ ló dì sétí ìró.

"Tó bá di ọjọ́ kẹfà, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá ọkọ̀ kó dúró."

Tíṣà bú sẹ́kún. Òun ló ka lẹ́tà fún un pé ọjọ́ kẹfà ni ibà pa Túbọ̀sún lójú òkun, wọ́n sì sin ín sómi.

"Mi ò ní pẹ́, Tíṣà. Kí n ṣáà bu erùpẹ̀ ilé lé e lórí ni."